Ta Ló Wẹ Òkú Bàṣírà?

Joju, Ṣàngó-Ọ̀tà
Ọjọ́ Àìkú, 13 Oṣù Kẹrin, 2025

Fáìzàh ọmọ mi, Àṣàbí,

Mo kí ọ. Mo sì bẹ òtútù ìlú yẹn kó rọra máa ṣe ọ́. Ara wa le nílé, alihamudulilahi. Orúnkún tó yọ mí lẹ́nu nínú ààwẹ̀ ti fi mí lọ́rùn sílẹ̀, mo ti ń gun àtẹ̀gùn mọ́ṣáláṣí láìdi ẹnikẹ́ni mú. Rùfáì ẹ̀gbọ́n rẹ ní kí n kí ọ. Òun ni yóò fi fóònù ya lẹ́tà yìí ránṣẹ́ sí ọ, torí mi ò fẹ́ pè ọ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Lórí fóònù, o máa ń já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ mi lẹ́nu. Lórí ìwé, wàá ka tèmi tán kí o tó fèsì.

A ti wo fíìmù rẹ.

Lánàá, lẹ́yìn tí a kírun Àílà tán, Dúrótoyè tó darí fíìmù náà wá fi mọ́tò gbé èmi àti Rùfáì lọ sí gbọ̀ngàn kan tó gbà lẹ́bàá Ṣàngó Toll Gate. Ó ní kí "Bàṣírà Ń Pè" tó wọ sinimá lẹ́yìn Iléyá, òun fẹ́ kí àwọn tó yọ̀ǹda ilé àti ilé iṣẹ́ wọn fún òun kọ́kọ́ wò ó, kí wọ́n sọ bí wọ́n ṣe rí i. A tó ọgọ́rin níbẹ̀.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ yìn ọ́, kí o má sọ pé ẹnu mi kì í sọ rere. Nígbà tí Bàṣírà dé ilé iṣẹ́ oògùn ikọ́ yẹn ní Ìgbẹsà, tó ju fóònù rẹ̀ sínú àpótí ẹnu géètì bí gbogbo òṣìṣẹ́ ṣe ń ṣe kí wọ́n tó wọlé, mo gbá Rùfáì léjìká. Mo ní, "Ọmọ yìí ò gbàgbé ibi tó ti wá." Nígbà tó rí i pé máníjà ń pa déètì ara páálí oògùn tó ti bàjẹ́ rẹ́, tó ń tẹ òmíràn lé e, ara mi bù máṣọ. Ọjọ́ kejì ni wọ́n ní Bàṣírà kú lójijì. Wọ́n kírun sí i lára, wọ́n sin ín nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Obìnrin pọ̀ nínú gbọ̀ngàn tó ń fi ìborí nu ojú, èmi gan-an wà lára wọn.

Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, fóònù máníjà dún. Nọ́ńbà Bàṣírà ni! Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé, "Mo mọ ibi tí ẹ kó àwọn páálí yẹn sí." Yéè! Ọkùnrin tó wà níwájú mi ti ń jẹ gúgúrú láti ìbẹ̀rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ dúró lẹ́nu rẹ̀. Nígbà tí ọ̀kadà tí kò tanná wá ń tẹ̀ lé máníjà lọ́nà inú igbó, tó jẹ́ ìró rẹ̀ nìkan là ń gbọ́, mo di ọwọ́ Rùfáì mú títí tó fi kígbe pé èékánná mi ti wọ òun lára. Wákàtí kan àtààbọ̀ gbáko, ọkàn wa wà lọ́wọ́ rẹ. Kò sẹ́ni tó dìde lọ tọ̀.

Àfi ìgbà tí ìparí dé. Ilẹ̀kùn yàrá ìkẹ́rùsí ṣí, Bàṣírà jáde. Bàṣírà fúnra rẹ̀! Ó ní òun ò kú, ó ní ẹlòmíràn ni wọ́n sin. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, orin bẹ̀rẹ̀, ó parí.

Fáìzàh, ta ló wẹ̀ ẹ́?

Ìwọ ọmọ Àpọ́nlé, èmi tí mo ti ń wẹ òkú obìnrin ní Joju láti ìgbà tí o ti wà ní pírámárì! O jókòó sí Leeds, o kọ ọ́ pé wọ́n sin òkú Mùsùlùmí láìjẹ́ pé obìnrin kankan wo ojú rẹ̀. Ṣé inú pósí là ń gbé wọn sí, tí a ó kàn án pa ni? Aṣọ funfun márùn-ún là ń wé obìnrin. Kí a tó wé e, a ti wẹ̀ ẹ́ láti ọ̀tún dé òsì, a ti di irun rẹ̀ lọ́nà mẹ́ta, a ti pe àwọn èèyàn rẹ̀ kí wọ́n wá rí ojú rẹ̀ kẹ́yìn. Ṣé gbogbo wọn fọ́jú ni, àbí gbogbo wọn gbàbọ̀dè? Ọ̀rọ̀ kejì burú ju ìyẹn lọ: òkú ta ni wọ́n wá sin? Ọmọ ta ni? Fíìmù rẹ ò tilẹ̀ bèèrè.

Ariwo tó sọ nínú gbọ̀ngàn lẹ́yìn ìyẹn kì í ṣe ti ìyàlẹ́nu. Ti ẹni tí wọ́n gbé oúnjẹ fún, tó ti fọwọ́ tán, tí wọ́n tún gbé e kúrò níwájú rẹ̀ ni. Ọmọ́túndé, obìnrin tí a jọ ń wẹ òkú, wà lẹ́yìn mi. Ó tẹ̀ mọ́ mi létí, ó ní, "Àpọ́nlé, ṣé àwa ni ọmọ rẹ ń bú báyìí?"

Dúrótoyè ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà ni àwọn onísinimá fẹ́ gba ẹ̀dà ìkẹyìn, lẹ́yìn ìyẹn kò sí àtúnṣe mọ́. Ó ní ìwọ lo ni ìtàn, ìwọ nìkan lo lè ní kí wọ́n yí i padà. Fíìmù rẹ àkọ́kọ́ nìyí, orúkọ rẹ ló máa hàn gàdàgbà lára ògiri. Yí ìparí yẹn padà.

Máa jẹun dáadáa. Tíì lásán kì í ṣe oúnjẹ.

Èmi ìyá rẹ tí kì í purọ́ fún ọ,
Àpọ́nlé


Leeds
Ọjọ́rú, 16 Oṣù Kẹrin, 2025

Màámi mi àtàtà,

Ẹ kúulé o. Mo kúnlẹ̀ fún orúnkún yín pé ó gbọ́ràn, kó jọ̀wọ́ kó má ṣàìgbọràn mọ́. Ara mi le. Àwọn arúgbó tí mò ń tọ́jú níbi iṣẹ́ kí yín, ọ̀kan nínú wọn ti mọ orúkọ yín lórí, ó ń pè yín ní Apolè.

Mo ka lẹ́tà yín tán kí n tó fèsì, bí ẹ ṣe fẹ́. Inú mi dùn sí ti gúgúrú àti ti èékánná. Èyí tó kù, mi ò gbà.

Ẹ̀yin nìkan kọ́ lẹ wò ó. Mo pe àwọn mẹ́sàn-án tí a jọ ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ fíìmù wá sílé mi, mo fi hàn wọ́n. Nígbà tí Bàṣírà jáde, wọ́n pàtẹ́wọ́! Ọ̀kan fò sókè lórí àga, tíì rẹ̀ dà sí kápẹ́ẹ̀tì mi.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ẹ ò mọ̀. Nínú èyí tí mo kọ́kọ́ kọ, Abísọ́lá ló ń fi fóònù yẹn ránṣẹ́, ọ̀rẹ́ Bàṣírà tí wọ́n jọ ń to ìgò sí páálí. Òun ló mú fóònù náà nínú àpótí ẹnu géètì lọ́jọ́ tí Bàṣírà ò padà wá mú un. Ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tó kà á ló sọ pé àwọn ti mọ̀ pé òun ni kí fíìmù tó dé ìdajì. Fíìmù adáyàfoni tí èèyàn ti mọ ìparí rẹ̀, kí ló kù níbẹ̀? Ni mo bá wá ìparí tí ẹnikẹ́ni ò lè mọ̀. Ẹ sọ òótọ́, ṣé ẹ mọ̀ ọ́n?

Ẹ ní ta ló wẹ̀ ẹ́. Síráju ọkọ rẹ̀ ni. Ṣebí ẹ̀yin náà lẹ sọ fún mi nígbà kan pé ọkọ lè wẹ ìyàwó rẹ̀. Ó ti ilẹ̀kùn, ó dá a wẹ̀, ó wé e, kò jẹ́ kí ẹlòmíràn rí ojú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ bùṣe. Òkú tí wọ́n sin, ẹ jẹ́ ká gbà pé ó ní ìtàn tirẹ̀, fíìmù mìíràn nìyẹn.

Màámi, fíìmù ni, kì í ṣe wáàsí. Ẹ bá mi sọ fún Ìyá Ọmọ́túndé pé mi ò bú ẹnikẹ́ni. Mi ò ní yí i padà. Ẹ má bínú sí mi.

Ẹ kí Ẹ̀gbọ́n Rùfáì. Tí wọ́n bá tún fẹ́ ya lẹ́tà, kí wọ́n gbé orí wọn kúrò nínú ìmọ́lẹ̀. Òjìji wọn bo ìlà mẹ́ta, ọpẹ́lọpẹ́ pé mo mọ bí ẹ ṣe ń báni wí.

Ọmọ yín,
Fáìzàh


Joju, Ṣàngó-Ọ̀tà
Ọjọ́ Jímọ̀, 18 Oṣù Kẹrin, 2025

Fáìzàh,

O ṣé tí o tètè fèsì. Àlàáfíà la wà. Rùfáì ní òun ti gbọ́ ti òjìji, ó ní kí o wá máa yà á fúnra rẹ.

Mo fẹ́ràn ọmọ tó ń dúró lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Èmi náà dúró lórí tèmi, torí ọ̀dọ̀ mi lo ti kọ́ ọ.

Òótọ́ ni pé ọkọ lè wẹ ìyàwó rẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló ń bu omi fún un? Ta ló bá a yí i sẹ́gbẹ̀ẹ́? Òkú kì í gbé ara rẹ̀ dìde. Àwa mẹ́ta la máa ń wẹ èèyàn kan, mo sì máa ń làágùn. Ta ló gé aṣọ márùn-ún? Ṣé Síráju rẹ yìí kan náà, tí kò lè dá sítóòfù tàn ní ìbẹ̀rẹ̀ fíìmù? Kí ìyá Bàṣírà wá dé ẹnu ọ̀nà, kó ní òun fẹ́ rí ọmọ òun, kí Síráju ní rárá. Ní Joju tí mo mọ̀ yìí, wọ́n á já ilẹ̀kùn yẹn lulẹ̀, wọ́n á wá bi í ní ohun tó ń fi pamọ́.

Àwọn tó pàtẹ́wọ́ ní Leeds, mi ò bú wọn. Ìwọ lo sọ fún mi pé níbẹ̀, òkú lè wà nínú fíríìjì fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kó jẹ́ àjèjì tó wọ kóòtù dúdú ni yóò tọ́jú rẹ̀. Ẹni tí kò fọwọ́ kan òkú èèyàn rẹ̀ rí, tí kò rí i sójú, òun ló lè gbà pé wọ́n ṣi òkú sin. Tìrẹ ni kò yé mi.

O ní gbogbo èèyàn ti mọ̀ pé Abísọ́lá ni. Àwa náà mọ̀! Láti ìgbà tó ti gbé ìgò sọ́wọ́, tó wo àga Bàṣírà tó ṣófo, mo ti sọ fún Rùfáì pé ọmọ yìí ni. Ṣé o rò pé ìyẹn ba fíìmù jẹ́ fún wa ni? Ìdí tí àyà wa fi ń já gan-an nìyẹn. Àwa mọ̀, máníjà ò mọ̀. Gbogbo ìgbà tí máníjà bá kọjá lẹ́yìn rẹ̀, àwa là ń ṣàdúrà kí fóònù má dún lápò ọmọ yẹn. A ti gbà á lọ́mọ. Ìwọ wá já a gbà lọ́wọ́ wa, o fi ẹni tí a ti sunkún rẹ̀ tán dípò. Ẹkún tí a sun ńkọ́? Ta ló máa dá a padà fún wa?

Ìparí tí ẹnikẹ́ni ò lè mọ̀ kì í ṣe iṣẹ́ ńlá. Mo lè ní màlúù ló pa á, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ ọ́n.

Fi Bàṣírà sílẹ̀ níbi tí wọ́n tẹ́ ẹ sí. Mo ń retí rẹ.

Ìyá rẹ,
Àpọ́nlé


Joju, Ṣàngó-Ọ̀tà
Ọjọ́ Jímọ̀, 2 Oṣù Karùn-ún, 2025

Fáìzàh,

Ó di ọ̀sẹ̀ méjì gééré. Rùfáì fi àmì búlúù méjì hàn mí lórí fóònù rẹ̀, ó ní ìyẹn ni pé o ti ka lẹ́tà mi láti ọjọ́ tí mo ti kọ ọ́. Mo pè ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́rin, ó dún dún dún, ó gé. Dúrótoyè pè mí, ó ní o ò dá òun náà lóhùn, oṣù kan péré ló sì kù. Mo ní kó fi mí sílẹ̀, ẹni tí mò ń wá lòun náà ń bi mí.

Bí inú bá ń bí ọ, kọ ọ́ kí o bú mi. Ọmọ tó ń bá mi jà, mo mọ ibi tó wà. Èyí tó dákẹ́ yìí ló ń bà mí lẹ́rù. Mo ti bèèrè lọ́wọ́ ọmọ ilé kejì tó ní àbúrò ní Leeds bóyá nǹkan ṣẹlẹ̀ níbẹ̀, ó ní kò sí.

Mo ní kí Rùfáì ṣí lẹ́tà tí mo kọ kẹ́yìn fún mi, mo tún un kà. Mi ò rí irọ́ kankan níbẹ̀. Ṣùgbọ́n èèyàn lè sọ òótọ́ kó fi tẹ ojú egbò ẹlòmíràn láìmọ̀. Bí mo bá tẹ ibi tó ń dùn ọ́, fi ibẹ̀ hàn mí. Mi ò sọ pé mi ò ní wí tèmi o, mo kàn fẹ́ mọ̀ ni.

Ìyá rẹ,
Àpọ́nlé


Leeds
Ọjọ́ Ajé, 5 Oṣù Karùn-ún, 2025

Màámi,

Ẹ dákun, ẹ má bínú. Ara mi le. Mo ń lọ síbi iṣẹ́, mo ń jẹun, mi ò kàn lè kọ nǹkan kan ni.

Ẹ kọ ọ́ pé ẹni tí kò fọwọ́ kan òkú èèyàn rẹ̀ rí, tí kò rí i sójú, òun ló lè gbà pé wọ́n ṣi òkú sin. Ẹ ní ti àwọn èèyàn Leeds lẹ̀ ń sọ. Èmi lẹ̀ ń bá wí, Màámi.

Ìyá Ìgbẹsà. Ìyá yín tó gbà mí lọ́wọ́ yín nígbà tí mo já lẹ́nu ọmú, tó tọ́ mi títí mo fi wọ sẹ́kọ́ńdìrì. Oṣù kọkànlá ọdún 2023, mo ń fún arúgbó kan lóúnjẹ lọ́wọ́ níbi iṣẹ́, aago mọ́kànlá àárọ̀, Ẹ̀gbọ́n Rùfáì pè mí pé wọ́n ti kú. Mo bẹ ọ̀gá mi, wọ́n ní kí n dúró kí ẹni tó máa rọ́pò mi dé. Nígbà tí mo fi máa ráyè pè padà ní aago mẹ́rin, ẹ ti sin wọ́n tán. Mi ò bá ẹ̀sìn wa jà, mo mọ̀ pé bó ṣe yẹ nìyẹn. Ṣùgbọ́n láàárín wákàtí márùn-ún, ẹni tó ń gbé mi sùn ti wà lábẹ́ ilẹ̀, mo sì ń ti kẹ̀kẹ́ arúgbó mìíràn kiri. Mo bi yín bóyá ẹnì kan ya fọ́tò, ẹ ní kò bójú mu. Mo bi yín bí wọ́n ṣe rí, ẹ ní, "Ọlọ́run á tẹ́ wọn sáfẹ́fẹ́ rere," ẹ wá bi mí bóyá mo ti jẹun.

Láti ọjọ́ náà, tí mo bá pe ilé, mo máa ń dúró díẹ̀ kí n tó gé fóònù, bóyá ẹ máa ní Ìyá fẹ́ bá mi sọ̀rọ̀. Mo mọ̀ pé wọ́n ti kú. Mi ò kàn gbà á ni. Ọ̀tọ̀ ni kéèyàn mọ̀ ọ́n, ọ̀tọ̀ ni kó gbà á.

Nítorí náà ni mo ṣe kọ ìparí yẹn. Mo fi Abísọ́lá bojú ni. Mo fẹ́ kí ilẹ̀kùn kan ṣí, kí ẹni tí wọ́n ní a ti sin jáde wá, kó rẹ́rìn-ín sí mi. Mo wò ó tó ogún ìgbà, mo sì gbádùn rẹ̀ ju gbogbo ohun tí mo ti kọ láyé mi lọ. Ẹ wá kọ̀wé láti Joju, ẹ bi mí pé ta ló wẹ̀ ẹ́.

Mo mọ ẹni tó wẹ̀ wọ́n. Ẹ̀yin ni. Ẹ ò sì sọ ohunkóhun fún mi rí.

Tí ẹ bá fẹ́ kí n jẹ́ kí Bàṣírà kú, ẹ sọ fún mi.

Fáìzàh


Joju, Ṣàngó-Ọ̀tà
Ọjọ́rú, 7 Oṣù Karùn-ún, 2025

Àṣàbí mi,

Mo ka lẹ́tà rẹ lórí ìrọ́gbọ̀kú lẹ́nu ọ̀nà. Rùfáì bi mí ohun tó ṣe mí, mo ní kó lọ bá mi wo omi lórí iná. Kò sí omi kankan lórí iná.

Ohun tí wọ́n kọ́ wa nídìí iṣẹ́ yìí ni pé ẹni tó bá wẹ òkú, kó pa ẹnu rẹ̀ mọ́. Mo mọ ohun tó wà lára àwọn obìnrin àdúgbò yìí tí ọkọ wọn ò mọ̀, yóò sì bá mi wọ sàárè. Ṣùgbọ́n wọ́n tún kọ́ wa pé ohun tó bá dára tí a rí, a lè sọ ọ́ fún ẹni tó ni òkú kí ọkàn rẹ̀ lè balẹ̀. Mo mọ ìyẹn náà. Dídákẹ́ ti wọ̀ mí lẹ́wù ni, bí mo ṣe ń pa ẹnu mọ́ lórí òkú olókùú náà ni mo ṣe pa á mọ́ fún ọ lórí ti ìyá tèmi. Mo tún rò pé tí mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́, mi ò ní lè parí rẹ̀. Mo ṣe àṣìṣe, Fáìzàh. Ìwọ náà lo ni wọ́n.

Jókòó kí o gbọ́.

Yàrá ẹ̀yìn ní Ìgbẹsà, èyí tí ẹ jọ ń sùn, ni a ti wẹ̀ wọ́n. Èmi ni, àti Ọmọ́túndé, àti ìyàwó Rùfáì tó ń bu omi. Mo ní kí wọ́n gbé omi náà kaná kó lọ́wọ́ọ́wọ́, torí o mọ̀ pé wọn ò fẹ́ràn omi tútù. Ọmọ́túndé ní kò pọn dandan. Mo ní mo mọ̀.

Erùpẹ̀ ṣì wà lábẹ́ èékánná wọn, torí ní ọjọ́ tó ṣáájú, wọ́n ṣì lọ fa ẹ̀gẹ́ díẹ̀ lẹ́yìnkùlé tí gbogbo wa ní kí wọ́n má fà. Mo fi òwú yọ ọ́ níkọ̀ọ̀kan, ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá. Ó pẹ́. Ọmọ́túndé ní kí òun bá mi ṣe ọwọ́ kan, mi ò gbà fún un. Irun wọn funfun báláú, ó sì pọ̀. Ìgbà wo ni a rí irun wọn láìsí gèlè? Mo dì í lọ́nà mẹ́ta, mo tò ó sẹ́yìn orí wọn.

Ojú wọn ò le rárá. Iwájú orí wọn tó máa ń hunjọ tí wọ́n bá ń bá wa wí, ó tẹ́jú pátápátá. Ẹnu wọn ṣí díẹ̀, bí ìgbà tí wọ́n bá ń gbọ́ ìròyìn lórí rédíò tí wọn ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Kò sí ọgbẹ́, kò sí ìrora kan tó hàn lára wọn. Mo fọwọ́ pa ẹnu wọn dé.

Nígbà tí a da omi lẹ́ẹ̀kẹta, wọ́n ti mọ́. Mo lè dáwọ́ dúró níbẹ̀. Mo ní kí ìyàwó Rùfáì bu omi mìíràn wá. Èyí kẹrin, mo ní ti Rùfáì ni. Ìkarùn-ún, mo ní ti Àṣàbí tó wà nílùú òyìnbó ni. Mo sọ ọ́ sókè, àwọn méjèèjì gbọ́ ọ, o lè bi wọ́n. Mo rọra dà á láti ọ̀tún lọ sí òsì, láti orí lọ sí ẹsẹ̀, mi ò kánjú. Ìgbà yẹn ni mo wá sunkún.

Wọ́n ti kú, ọmọ mi. Ọwọ́ mi méjèèjì yìí ló wẹ̀ wọ́n, kò sí ẹlòmíràn nínú aṣọ yẹn.

Mo ti sọ fún ọ báyìí. Ti fíìmù, mi ò tì ọ́ mọ́. Ìwọ lo ni ín. Ṣùgbọ́n ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà ò yẹ̀, mo sì mọ̀ pé mo jàre.

Ìyá rẹ,
Àpọ́nlé


Leeds
Ọjọ́ Àìkú, 11 Oṣù Karùn-ún, 2025

Màámi,

Mo ka lẹ́tà yín nínú bọ́ọ̀sì. Mo sunkún débi pé mo kọjá ibùdókọ̀ mẹ́ta. Obìnrin òyìnbó kan fún mi ní ìnujú, kò bi mí ní ohunkóhun, ó jókòó tì mí títí mo fi sọ̀ kalẹ̀. Mo pẹ́ dé ibi iṣẹ́, n kò sì ṣàlàyé fún ẹnikẹ́ni.

Mo ti pe Dúrótoyè. Ó kọ́kọ́ pariwo mọ́ mi, ó wá ní òun rí ọjọ́ méjì lò ní Ìgbẹsà, Sátidé tó ń bọ̀ àti ọjọ́ Àìkú rẹ̀. Abísọ́lá ló ní fóònù lọ́wọ́. Bàṣírà ti kú. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti mú máníjà, fíìmù á mú wa padà sí ọjọ́ ìsìnkú, kí a lè rí ìdí tí Abísọ́lá fi tan fóònù yẹn. Mo fẹ́ kí ó jẹ́ níbi tí wọ́n ti ń wẹ Bàṣírà, kí ẹnikẹ́ni má retí rẹ̀ mọ́.

Mi ò wá fẹ́ kí wọ́n tún ṣe ohun tó máa tì yín lójú. Ẹ bá mi lọ dúró tì wọ́n. Mo mọ̀ pé ẹ kì í fi iṣẹ́ yín ṣeré, ẹ̀bẹ̀ ni mò ń bẹ̀ yín. Ohun tí ẹ bá ní kí wọ́n má ṣe, Dúrótoyè ò ní ṣe é, mo ti sọ fún un.

Fáìzàh yín


Joju, Ṣàngó-Ọ̀tà
Ọjọ́ Ajé, 19 Oṣù Karùn-ún, 2025

Fáìzàh ọmọ Àpọ́nlé,

Mo kí ọ tayọ̀tayọ̀. Mo ti di ọ̀gá àwọn onífíìmù báyìí, kí ẹnikẹ́ni má fojú di mí mọ́.

Bí èmi àti Ọmọ́túndé ṣe dé Ìgbẹsà ní Sátidé, Dúrótoyè ti kó kámẹ́rà mẹ́ta wọ yàrá, ó ti tẹ́ ọmọge kan sórí pákó, ó bo aṣọ fún un. Mo ní, "Ìwọ ọmọ yìí, dìde kí o lọ jẹun." Mo ní kí wọ́n kó gbogbo ẹrù wọn síta. Dúrótoyè ní, "Màámi, kí la wá fẹ́ yà?" Mo ní, "Ilẹ̀kùn." Ó wò mí bí ẹni pé mo ti ń ṣarán. Mo ní, "Níbi tí a ti ń wẹ òkú, ẹni tí kò bá ní iṣẹ́ níbẹ̀ kì í wọlé. Ìta ló máa ń dúró. Ìta ni kí kámẹ́rà rẹ náà dúró."

Èmi nìkan ni mo wọ yàrá, mo ti ilẹ̀kùn. Mo gbé ọpọ́n sílẹ̀, mo ń bu omi, mo ń dà á. Kò sí òkú níbẹ̀, omi lásán ni. Abísọ́lá jókòó sí àgbàlá lórí bẹ́ǹṣì, fóònù ọ̀rẹ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń gbọ́ ìró omi. Nígbà tó tó àkókò, mo ṣí ilẹ̀kùn, mo jáde, mo ń nu ọwọ́ mi, mo wo ojú rẹ̀. Mi ò sọ̀rọ̀, wọn ò kọ ọ̀rọ̀ kankan fún mi. Ọmọ náà bú sẹ́kún. Wọn ò tíì ní kó sunkún o! Nínú ìwé tìrẹ, yóò kàn tan fóònù náà ni. Ó sunkún títí, ó nu ojú, ó wá tàn án. Dúrótoyè dúró bí igi, ó gbàgbé láti sọ pé kí wọ́n dá kámẹ́rà dúró. Ọmọ́túndé náà ń sunkún lẹ́yìn wọn, ohùn rẹ̀ wọ inú fíìmù.

Láti àná ni Ọmọ́túndé ti ń sọ ní Joju pé fíìmù tí ọmọ wa kọ ń bọ̀ lẹ́yìn Iléyá. Ọmọ wa! Mo gbọ́, mo sì jẹ́ kó máa sọ ọ́.

Dúrótoyè ti fi í ránṣẹ́ sí ọ. Wò ó, kí o sọ bóyá o fọwọ́ sí i.

Ìyá rẹ,
Àpọ́nlé


Leeds
Ọjọ́bọ̀, 22 Oṣù Karùn-ún, 2025

Màámi,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá. Mo ti fọwọ́ sí i. Dúrótoyè ti gbé e fún àwọn onísinimá láàárọ̀ yìí. Mo ní kí wọ́n má yọ ohùn Ìyá Ọmọ́túndé kúrò. Ẹ jàre mi, mo sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, mi ò ní sọ ọ́ mọ́.

Mo pe àwọn mẹ́sàn-án yẹn padà wá sílé mi. Omi bẹ̀rẹ̀ sí í dún lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ẹ jáde, ẹ ń nu ọwọ́ yín, mo sì rí i pé mi ò retí kí ẹnikẹ́ni tún jáde lẹ́yìn yín. Ẹnikẹ́ni ò pàtẹ́wọ́ lọ́tẹ̀ yìí. Ọ̀kan nínú wọn jáde síta, ó lọ pe ìyá rẹ̀ lórí fóònù.

Ohun kan wà tí mi ò ṣe. Nígbà tí Ìyá Ìgbẹsà kú, gbogbo ayé ló wá kí yín, àwọn ará Joju, àwọn ará mọ́ṣáláṣí, àwọn tó ń ta nǹkan ní Toll Gate pàápàá. Èmi nìkan ni mi ò kí yín. Mo bèèrè, mo bínú, mo dákẹ́, ṣùgbọ́n n kò kí yín, torí tí mo bá kí yín, á jẹ́ pé mo ti gbà. Ọdún kan àtààbọ̀ ni mo fi ń ṣe bí ẹni pé èmi nìkan ló ṣẹlẹ̀ sí. Ìyá yín ni wọ́n, Màámi. Ẹ fi ọwọ́ ara yín wẹ̀ wọ́n, ẹ yọ erùpẹ̀ lábẹ́ èékánná wọn, ọmọ yín kan ṣoṣo tó jẹ́ obìnrin ò sì kí yín.

Màámi, ẹ kú àṣẹ̀yìndè Ìyá. Ẹ kú ara fẹ́ra kù.

Fáìzàh Àṣàbí